Ajé Gúnlẹ̀ sí Etí Omi: Ìtàn Káàdì Kọ̀ǹpútà Àlòkù kan láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

 

1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Èmi pàápàá kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò kàn mí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sì fà mí dé ìdí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èkíní ni tòkunbọ̀, èkejì ni Ajégúnlẹ̀. Èkíní jẹ́ orúkọ ènìyàn kí ó tó di orúkọ ọjà. Èkejì jẹ́ àdúrà kí ó tó di orúkọ àdúgbò.

Orí tábìlì mi ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí mo rà ní àlòkù ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kó fídíò àwọn apohùn tí a gbà sílẹ̀ pamọ́ sí: oníjàálá, elésà, àwọn ìyàwó tí ń sun ẹkún. Díẹ̀ nínú àwọn apohùn náà ti di ará ọ̀run. Nígbà tí a fẹ́ to àwọn fídíò náà, kí á sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún ìlò kíláàsì, ẹ̀rọ náà kò lè gbé e. Ohùn á máa lọ, àwòrán á dúró sójú kan. Bàbá oníjàálá ti ki erin tán, ẹnu rẹ̀ nínú àwòrán kò tíì là. Mo wò ó títí, ó dà bí ẹni pé bàbá náà tún ń kú lẹ́ẹ̀kejì.

Owó kọ̀ǹpútà tuntun ju agbára olùkọ́ lọ. Ohun tí ó kù ni kí á yọ káàdì kékeré tí ń ya àwòrán sí ojú ẹ̀rọ, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní graphics card, kí á sì fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, bí owó bá ṣe mọ. Ìrìn tí mo rìn nítorí káàdì yìí gbé mi dé Ajégúnlẹ̀, ó sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: kò sí ọjà ọ̀pọ̀ tí ẹnìkan kò bá wa san ìyókù owó rẹ̀. Àwọn kan ń fi ìmọ̀ san án. Àwọn mìíràn ń fi ara wọn san án. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ọjà àlòkù ní ilẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ ṣírò.

2. Èbúté àti ohun tí ó gúnlẹ̀ sí i

Kí á tó wọ ṣọ́ọ̀bù aláàtúnṣe, ó yẹ kí á kọ́kọ́ dúró ní etí omi. Àpápá kò di èbúté ńlá lójijì. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, iyanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńláńlá wọ Èkó. Wọ́n ní láti wa iyanrìn náà kúrò, kí wọ́n sì fi òkúta mọ odi sí ẹnu omi. Ní 1921 ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìdíkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí omi rẹ̀ jìn sí Àpápá. Ẹ̀pà, kòkó àti èkùrọ́ ń ti ibẹ̀ lọ. Aṣọ, iyọ̀ àti irin ń ti òkè òkun bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1955, Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn tí ó ti lọ́jọ́ lórí nínú wa kò ní gbàgbé 1975. Owó epo ti dé, ìjọba sì ti pàṣẹ sìmẹ́ǹtì tí ó tó ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ láàárín ọdún kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun, wọ́n ń retí àyè àtigúnlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ń dì sí inú ọkọ̀. Nítorí ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá 1977. Ní 1975 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò. Ohun tuntun ni a ń retí láti ojú omi nígbà náà. Ẹni tí ó bá sọ fún wa pé àlòkù ni yóò gba èbúté náà kan, a ó rò pé ó ń ṣépè ni.

Ṣùgbọ́n owó epo já wálẹ̀. Ní 1986, ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP kalẹ̀, iye náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ bí iyọ̀ nínú omi. Mọ́tò tuntun di ohun àwòmọ́jú. Ìgbà náà ni mọ́tò àlòkù láti Yúróòpù bo títì, fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà sì ni ó dé gbẹ̀yìn.

Ìdí tí ó fi dé kò ṣòro láti mọ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ a máa pààrọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ì báà máa ṣiṣẹ́. Dída ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nù gẹ́gẹ́ bí òfin wọn ṣe wí ń ná wọn lówó. Títà á fún ẹni tí yóò kó o lọ sí Èkó ń mú owó wọlé fún wọn. Ní 2005, Basel Action Network, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Èkó jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí kọntéínà 500 tí ó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò níhìn-ín sì sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá 75 nínú 100 tí kò wúlò fún títà tàbí fún àtúnṣe. Ìwádìí mìíràn tí Yunifásítì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà ṣe ní èbúté méjèèjì ní 2015 àti 2016, tí ó jáde ní 2018, rí i pé láàárín 60,000 àti 71,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ń wọlé lọ́dọọdún. Nǹkan bí ìdá 69 nínú 100 ni ó wà nínú mọ́tò àlòkù tí wọ́n kó wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: tòkunbọ̀ ni ó gbé tòkunbọ̀ pọ̀n.

3. Orúkọ tí a fún un

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Tòkunbọ̀ jẹ́ gbólóhùn tí a sọ di orúkọ: ó ti òkun bọ̀. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì gbé padà wálé ni a ń sọ bẹ́ẹ̀, ní kúkúrú tàbí ní kíkún: Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀. Orúkọ náà bá ìtàn Èkó mu púpọ̀, nítorí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Sàró padà dé láti Sàró, tí àwọn Àgùdà sì padà dé láti Bràsíìlì àti Kúbà. Sà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà láti 1958 sí 1972, jẹ́ ẹni iyì tí ó gbé orúkọ náà ga. Ìdùnnú ni ó wà nínú rẹ̀: ohun tí a rò pé òkun ti gbé lọ ti padà sọ́wọ́ wa.

Nígbà tí ọjà àlòkù gbòde, ará Èkó ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ láti fi pè é. Ó lè pè é ní àlòkù, ó sì lè pè é ní àlòpatì. Aṣọ ti ní orúkọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkirika àti bọ́sìkọ́nà. Àwọn oníṣòwò kan tilẹ̀ ń pe ọjà bẹ́ẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, orúkọ ọmọ ni ó borí. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà tí ó gbọ́n ni. Àlòkù ń wo àná ohun náà. Tòkunbọ̀ ń wo ìrìn àjò rẹ̀, ó sì ń sọ pé ìrìn àjò náà ti sọ ọ́ di ọ̀tun.

Ibi tí olùkọ́ èdè gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ dúró nìyí. Ohun tí ó bá bọ̀ ni ohun tí ó ti lọ rí. Ọmọ tí ó ti òkun bọ̀, tiwa ni tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ti ọ̀dọ̀ wa lọ rí. Ó ti òkun wá ni, kò ti òkun bọ̀. Nígbà tí a pè é ní Tòkunbọ̀, a gbà á tọ́ ni, a sọ ohun tí ẹlòmíràn jù nù di ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá sì gba ọmọ tọ́, ó gba àìsàn ọmọ náà pẹ̀lú.

4. Káàdì àti iṣẹ́ rẹ̀

Kí ni káàdì yìí ń ṣe gan-an? Àwòrán tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe odidi kan. Àmì tíntìntín tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni ó lè para pọ̀ di í, a sì lè ní láti ṣírò àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá gbé gbogbo iṣẹ́ náà lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan lọ́wọ́, ó dà bí ọba tí a ní kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka èkùrọ́. Káàdì àwòrán dà bí ẹgbẹ́ àáró: ọwọ́ kéékèèké tí ó pọ̀, tí oníkálùkù ń kọ ebè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1999 ni ilé iṣẹ́ Nvidia gbé GeForce 256 jáde, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí polongo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ kejì nínú kọ̀ǹpútà. Láti 2004 ni ihò tí a ń ki káàdì bọ̀, tí ó ń jẹ́ PCI Express, ti wọ ọjà. Àwọn tí ó ṣe é kò pa ihò ti àtijọ́ tì bí wọ́n ti ń tún un ṣe. Káàdì ọdún yìí lè wọ ihò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ohun kékeré yìí ni ó jẹ́ kí tálákà lè tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ dípò kí ó ra odidi.

Ọjà àlòkù náà ní ìṣà àti ìkún tirẹ̀. Àwọn tí ń wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ra káàdì lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń lò ó tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn owó bẹ́ẹ̀, yí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ padà, kò sì nílò káàdì mọ́. Káàdì tí ó ti rẹ̀ bo ọjà àlòkù káàkiri àgbáyé. Ó yẹ kí ìyẹn sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba wa tú ìdè iye náírà. Láti nǹkan bí náírà 470 sí dọ́là kan, ó kọjá 1,400 kí ọdún kan tó pé. Ohun tí omi kan gbé wá, omi mìíràn ti gbé e lọ.

5. Ní Ajégúnlẹ̀

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò kan, ní ọjà kan tí n kò ní dárúkọ, ta káàdì kan fún mi tí a kọ GTX 1050 Ti sí lára, orúkọ káàdì tí ó jáde ní 2016. Mo gbé e délé, mo kì í bọ ihò. Àwòrán bàbá oníjàálá dúró bí ó ti ń dúró tẹ́lẹ̀. Ariwo fáànù nìkan ni ó pọ̀ sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ni ó mú mi lọ sí ìtòsí Boundary, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín yóò mọ ìyàtọ̀. Ní apá kan, títì gbòòrò, ọgbà àwọn ilé yí ká, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba àmúnisìn ti la ibùgbé fún àwọn ọ̀gá. Ní apá kejì, ilé sún mọ́ ilé. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá ń gbé pọ̀ nítorí iṣẹ́ tí èbúté àti ilé iṣẹ́ ń pèsè. A ń sọ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ nígbà tí ó bá dé èbúté. Ajégúnlẹ̀: kí ajé gúnlẹ̀ síhìn-ín. Àpápá ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí; àdúrà ni ará Ajégúnlẹ̀ ń gbà pé kí díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlàjẹ kan ni aláàtúnṣe náà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, sà. Daddy, ẹ jókòó.” Ó ki káàdì mi bọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣí ètò kan tí ń jẹ́ GPU-Z, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Daddy, wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà. GTS 450 ni, ti 2010.” Ó fi ìka hàn mí: ojúlówó GTX 1050 Ti ní ẹ̀ka ìṣirò 768, èyí ní 192 péré. Ẹnìkan ti kọ orúkọ tuntun sínú ọkàn káàdì náà, kí kọ̀ǹpútà lè máa kà á bẹ́ẹ̀. A ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ; èyí tí wọ́n sọ káàdì mi kò rò ó rárá.

Mo ní kí ó wá èyí tí ó lágbára jùlọ tí owó mi lè rà. Kò dá mi lóhùn lórí owó. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó bi mí. Àkọ́kọ́: àpótí tí ń fún kọ̀ǹpútà mi ní iná, wáàtì mélòó ni? Mo ti ya àwòrán rẹ̀: 240. Ó ní káàdì ńlá tí ó ní okùn iná tirẹ̀ lọ́tọ̀ kò yẹ mí nígbà náà. Ihò náà fúnra rẹ̀ kò lè fún káàdì ní ju wáàtì 75 lọ, nítorí náà kí n wá èyí tí kò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀. Èkejì: báwo ni ilé ẹ̀rọ náà ṣe ga tó, nítorí pé káàdì gíga kò lè wọ ilé tóóró? Ẹ̀kẹta: irú ẹnu wo ni mọ́nítọ̀ mi ní? Ẹnu àtijọ́ aláwọ̀ búlúù ni, VGA; ó ní káàdì tí ó ń rò kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́, a ó ra ohun kékeré tí yóò túmọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Ẹ̀kẹrin: ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi, ọdún wo ni? Mo sọ ọ́. Ó ní, “Bí a bá fi káàdì ńlá sí i, Daddy, ẹṣin ló máa máa dúró de kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ máa fowó yín ṣòfò.”

Ojúlówó GTX 1050 Ti àlòkù ni ó wá fún mi. Ó tú u, ó nu ọ̀dà tí ó ti gbẹ láàárín ọpọlọ rẹ̀ àti irin tí ń tù ú, ó fi tuntun sí i. Ó wá fi iṣẹ́ líle há a láyà fún bí ìdajì wákàtí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fáànù, ó sì dẹtí sí i gẹ́gẹ́ bí onílù ṣe ń dẹtí sí awọ. Kò sí ìwé àjẹ́wọ́ lórí ọjà bẹ́ẹ̀. Ìdánwò lójú ẹni tí ó ń rà á ni ó dúró fún ìwé. Gbogbo owó tí ó gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó kọ̀ǹpútà tuntun. Nígbà tí mo bi í níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó ní, “Nínú èyí tó bàjẹ́ ni, sà.”

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi délé. Nínú ẹrù tí ìwádìí kan pè ní aláìwúlò ni ọmọ yìí ti rí ilé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó dín owó mi kù, kì í ṣe oníṣòwò. Ìmọ̀ rẹ̀ ni ìyókù owó náà, n kò sì rí i kọ sórí ìwé owó kankan.

6. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀

Apá kejì gbèsè náà wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, nínú àpò kan: wáyà, pátákó tí ó jóná, káàdì tí ó kú. Mo béèrè ibi tí ó ń lọ. Ó ní àwọn ọmọ kan máa ń wá wọ̀n ọ́n rà, wọ́n á sun wáyà kí bàbà lè jáde. Òjé wà nínú ohun tí a fi lẹ àwọn pátákó àtijọ́ wọ̀nyí, májèlé sì ni èéfín ike wáyà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ni ó ń fa èéfín rẹ̀ símú.

A kò lè sọ pé ìjọba kò mọ̀. Ní 1988, nígbà tí àṣírí tú pé wọ́n ti kó májèlé láti Ítálì wá dà sí Kókó, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, ìjọba ṣe òfin líle lórí ìdọ̀tí apanilára ní ọdún náà gan-an. Àdéhùn Basel tẹ̀ lé e ní 1989. Wọ́n dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007, ìlànà lórí ẹ̀rọ iná sì jáde ní 2011, tí ó ka kíkó ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ wọlé léèwọ̀. Síbẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní 2018 rí i pé ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 ohun tí ó ń wọlé ni kò ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, Àdéhùn Basel ti béèrè pé kí orílẹ̀-èdè tí ìdọ̀tí ẹ̀rọ ń lọ kọ́kọ́ gbà kí ó tó gbéra. Ìkún mìíràn sì ń bọ̀: Microsoft fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ṣàìsàn ni àwọn onílé wọn yóò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ lé jáde.

Àwọn kan yóò ní kí á ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí a bá tì í, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ Ìlàjẹ náà ni a tì, fídíò bàbá oníjàálá yóò sì máa dúró sójú kan. Àwọn mìíràn yóò ní kí á ṣí i sílẹ̀ gbayawu nítorí tálákà. N kò gbà pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí náà, nítorí pé tálákà kan ni ó ń jẹ èrè rẹ̀, tálákà mìíràn ni ó ń wú ikọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi mí ni ó yẹ kí èbúté máa bi ẹrù kí ó tó gúnlẹ̀: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, kí ni yóò wúlò fún, ta ni yóò sì gbà á nígbà tí ó bá kú? Àwọn tí ó lè dán an wò kò jìnnà sí èbúté. Boundary ni wọ́n wà.

7. Ìkádìí

Iṣẹ́ kan kù fún àwa tí a wà ní yunifásítì. A ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti gba ohùn oníjàálá sílẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ a máa bá olóhun lọ. Ìmọ̀ aláàtúnṣe Ajégúnlẹ̀ náà wà lórí ahọ́n àti ní ọwọ́ nìkan. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní òwe tirẹ̀, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi kí ẹ gbé ẹ̀rọ ìgbohùn yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti èmi, ẹnu bàbá oníjàálá àti ohùn rẹ̀ ti pàdé báyìí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti rí i bí ó ṣe ń mí kí ó tó ki erin. Ṣùgbọ́n káàdì méjì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, èyí tí a yọ àti èyí tí ó jí orúkọ jẹ́. Mo mọ ibi tí wọn yóò dé bí mo bá jù wọ́n nù, mo sì mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan ni yóò dúró ti iná náà. Nítorí náà mo fi wọ́n síbẹ̀. Títí ìlú wa yóò fi rí àyè tí ó tọ́ fún wọn, wọn yóò máa rán mi létí pé n kò tíì san owó kọ̀ǹpútà mi tán.